Orin àti Àwòrán Nínú Kíláàsì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fún wa ní etí láti fi gbọ́ràn, ojú láti fi ríran, àti ọkàn láti fi mòye. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, olùkọ́ pọ̀ nínú wa. Àwọn kan ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-kéwú. Gbogbo wa ni a sì mọ ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò yé e. Kí a tó gbà pé olódo ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá a ti fi ohun tí ó lè gbọ́ àti ohun tí ó lè rí kọ́ ọ.

1. Ànábì fa ìlà láti fi kọ́ni

Nínú hadíìsì kan tí Bukhari gbà láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Mas'ud, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ ṣàlàyé bí ìrètí ènìyàn ṣe máa ń gùn ju ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ. Ó fa ìlà tí ó ní igun mẹ́rin. Ó fa ìlà kan láti àárín rẹ̀ tí ó yọ síta, ó sì fa àwọn ìlà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ìlà àárín náà. Ó wá ṣàlàyé pé ìlà àárín ni ènìyàn, onígun mẹ́rin ni ikú tí ó yí i ká, èyí tí ó yọ síta ni ìrètí rẹ̀, àwọn kéékèèké sì ni ìṣòro ayé. Bí ọ̀kan bá tàsé rẹ̀, òmíràn yóò bà á. Bí a bá ya àwòrán fún àgbàlagbà kí ọ̀rọ̀ lè yé e, mélòó-mélòó ni ọmọ ọdún mẹ́fà?

2. Orin ń jẹ́ kí a rántí

Ibn Malik, ẹni tí wọ́n bí ní Andalus tí ó sì kú ní ọdún 1274, kó òfin gírámà èdè Lárúbáwá jọ sínú ewì tí ó tó nǹkan bí 1,000 ìlà. Ewì náà ni a mọ̀ sí Alfiyya. Sulayman al-Jamzuri ará Íjíbítì kọ ewì oní 61 ìlà fún àwọn ọmọdé, tí í ṣe Tuhfat al-Atfal, lórí òfin kíké Àlùkùránì. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há wọn sórí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́ nínú ewì, etí yóò mọ̀ pé ó ti ń tiro.

Èdè tiwa náà kò yàtọ̀. Dò, re, mí ni a fi ń kọ́ àmì ohùn Yorùbá. Bí ọmọ bá kọ ọ́ lórin, yóò gbọ́ pé “igbá” tí a fi ń bu omi jẹ́ re-mí, “igba” tí a ń kà jẹ́ re-re, “igbà” tí a fi ń gun ọ̀pẹ jẹ́ re-dò, “ìgbà” tí ń lọ sì jẹ́ dò-dò. Kí olùkọ́ wá ya igbá àti igbà sí ojú pátákó, kí ojú lè ti etí lẹ́yìn.

3. Ibi tí orin nìkan kò lè dé

Ẹ ṣọ́ra o! Ọmọ lè kọ orin ìlọ́po mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n bí a bá bi í ní mẹ́fà lọ́nà méje lójijì, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́fà lọ́nà kan. Orin ni ó mọ̀, kò tíì mọ ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí ó to ẹ̀kàn mẹ́fà-mẹ́fà sí ìlà méje, kí ó kà wọ́n pé 42. Kí ó wá yí ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́: ìlà mẹ́fà tí ó ní ẹ̀kàn méje-méje ni yóò rí, 42 náà ni. Ìgbà yìí ni ó tó mọ ohun tí ó ń kọ lórin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilé-kéwú. Ọmọ ń ké bá, tá, thá pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tọ́ka sí ọ̀kan lórí wàláà, a kàn ń wò wá ni. Ìrísí kan náà ni ara lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kàn ni ó yà wọ́n: ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lókè, mẹ́ta lókè. Kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n, kí ó máa fi ìka kan ẹ̀kàn bí ó ti ń ké e.

4. Ṣé ó tọ́ ní ẹ̀sìn?

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ohun èlò orin, bẹ́ẹ̀ ni lórí yíya ohun ẹlẹ́mìí. A kò ní fi ojú ewé yìí parí àríyànjiyàn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kà sílẹ̀ lókè kò nílò ju ohùn ọmọ, àtẹ́wọ́, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó lọ. Ewé, odò, igbá àti ìlà kò ní ẹ̀mí tí ẹnikẹ́ni yóò jà sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí àríyànjiyàn fi ọmọ sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(i) Ẹ̀kọ́ wo ni àwọn ọmọ kíláàsì yín ń kọ lórin tí kò tíì yé wọn?
(ii) Àwòrán wo ni ẹ lè fi tì í lẹ́yìn?
(iii) Bí ẹ bá dá orin dúró ní àárín, ta ni ó lè dáhùn?

Ẹ dán an wò kí á tó pàdé lóṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwa àti àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ń ṣe ni láǹfààní. Àmín.