Ìròyìn Tí Ó Pẹ́ Lọ́nà

Àwọn àgbà a máa sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ni ni pé kì í ṣe agbára nìkan ni a fi ń ṣẹ́gun. Ẹni tí ó bá tètè gbọ́ ni ó ń rí àyè múra. Nítorí èyí ni ibùdó ọmọ-ogun ṣe máa ń ní ẹgbẹ́ aránṣẹ́, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba ìròyìn àti láti fi í ránṣẹ́. Àwọn ni etí àti ẹnu ibùdó. Bí etí bá di, tí ẹnu sì yadi, ìbọn tí ó kún inú àká kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oníṣègùn ológun kan, Albert Myer, ni a kọ́kọ́ fi ṣe olórí irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1860. Àsíá ni ó ń lò ní ọ̀sán. Bí ó bá ti ń jù ú sí ọ̀tún àti sí òsì ni ó ń tò ó ní lẹ́tà, ẹni tí ó dúró ní òkè kejì yóò sì máa kà á. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná òtùfù ni ó ń rọ́pò àsíá. Lẹ́yìn náà ni tẹlifóònù dé, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tẹ̀ lé e, rédà sì dé kẹ́yìn. Rédà a máa rán ìgbì tí ojú kò rí sí òfuurufú. Bí ìgbì náà bá kan ọkọ̀, yóò padà wá sọ ibi tí ọkọ̀ náà wà àti bí ó ti jìnnà tó.

Ní ọdún 1941, rédà mẹ́fà ni àwọn aránṣẹ́ ológun ní ní erékùṣù Oahu, ní Hawaii, láàárín òkun Pàsífíìkì. Ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá rí, tẹlifóònù ni wọn fi ń sọ ọ́ sí gbọ̀ngàn ìròyìn ní ibùdó Fort Shafter, níbi tí wọn ti ń fi àmì rẹ̀ sí orí àwòrán ilẹ̀ ńlá kan. Láti aago 4 ìdájí títí di aago 7 ni wọ́n ń ṣọ́nà. Lẹ́yìn náà wọn a ti ẹ̀rọ pa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọdún náà, Joseph Lockard àti George Elliott ni ó wà nídìí rédà ní Opana, ní ìhà àríwá erékùṣù. Aago 7 lù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ jẹun kò tí ì dé, Elliott sì fẹ́ fi àyè náà kọ́ iṣẹ́. Wọn kò ti ẹ̀rọ pa. Nígbà tí ó kọjá ìṣẹ́jú 2, àmì kan yọ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí Lockard rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò bàjẹ́. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń bọ̀ láti àríwá, ní nǹkan bí 136 máìlì. Wọ́n sáré tẹ Fort Shafter láago.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi àmì sí orí àwòrán ilẹ̀ ti lọ jẹun. Ẹni tí ó gba tẹlifóònù àti ọ̀gá kékeré kan, Kermit Tyler, ni ó kù. Awakọ̀ òfuurufú ni Tyler, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ sì nìyẹn nínú gbọ̀ngàn náà. Ó gbà pé àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan ń bọ̀ láti California ní òwúrọ̀ náà, òótọ́ sì ni. Lockard sọ fún un pé òun kò rí irú àmì bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sọ iye ọkọ̀ tí òun rò pé ó ń bọ̀. Tyler náà kò sì béèrè. Ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu.

Nígbà tí aago 8 ku ìṣẹ́jú 5, bọ́ǹbù àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lu Pearl Harbor. Ọkọ̀ òfuurufú tí ó jà ní ọjọ́ náà ju 350 lọ. Ará Amẹ́ríkà 2,403 ni ó kú.

Ìkìlọ̀ mìíràn wà lọ́nà ní wákàtí kan náà. Ọ̀gágun George Marshall ti kọ ọ́ ní Washington pé kí wọ́n wà lójúfò. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì àwọn ológun bá Hawaii sọ̀rọ̀. Àwọn aránṣẹ́ sì gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ wáyà àwọn aráàlú. Ó dé Honolulu nígbà tí aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 33. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tí ó fi hàn pé ọ̀ràn kánjúkánjú ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e gun alùpùpù, ó ń gba àárín ogun kọjá, ó sì dé Fort Shafter nígbà tí aago 12 ọ̀sán ku ìṣẹ́jú 15. Kí wọ́n tó tú àdììtú rẹ̀, kí ó sì tó dé ọwọ́ olórí ogun, aago 3 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ogun ti jà tán.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ gan-an? Rédà ríran, tẹlifóònù kò já, àwọn tí ó wà ní Opana sì ṣe ju iṣẹ́ tí a rán wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìròyìn dà bí omi tí àwọn ènìyàn ń gbà láti ọwọ́ dé ọwọ́ nígbà tí ilé ń jó: bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé garawa sílẹ̀, omi kò ní dé ibi iná. Kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé Pearl Harbor ì bá yè. Síbẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni a fún ibùdó náà láti jí, kò sì jí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ rédà tọ̀sán tòru. Lóòótọ́, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí; ṣùgbọ́n ojú kò lè dá a ṣọ́ bí etí kò bá gbà á gbọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi pe ẹgbẹ́ aránṣẹ́ ní etí àti ẹnu ibùdó?
2. Kí ni Lockard ìbá sọ, kí sì ni Tyler ìbá béèrè?
3. Sọ ohun mẹ́ta tí ó dá ìkìlọ̀ Ọ̀gágun Marshall dúró lọ́nà.
4. Fi òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ṣe àkọlé, kí o sì kọ àròkọ ojú ìwé kan.