Ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀rọ yín wá láti iléeṣẹ́

Oníṣòwò tó wà n'Ísarà lè fi fóònù wo ibi tí mọ́tò tó kó ẹrù rẹ̀ dé lọ́nà Èkó, tàbí kó fi kámẹ́rà ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni tracker àti kámẹ́rà ń gbà fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i. Ibẹ̀ náà lolè lè gbà wọlé.

Lọ́dún 2016, àrùn kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai gba nǹkan bíi 600,000 irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kárí ayé. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, fi irú rẹ̀ kọlu iléeṣẹ́ fóònù Lonestar ní Làìbéríà. Ó ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ lọ́dún 2019.

Nígbà táwọn onímọ̀ tú Mirai wò, wọn ò bá idán kankan níbẹ̀. Nǹkan bíi 60 orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí iléeṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ ló ń dán wò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ tí oníṣòwò bá ra ẹ̀rọ ni kó ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí èyí tó gùn. Bí òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n bá fiṣẹ́ sílẹ̀, kó tún un pààrọ̀. Bí iléeṣẹ́ bá gbé àtúnṣe jáde, kó tètè gbà á.