Àpótí ìmọ̀: Àwòrán gbọọrọ láti inú kámẹ́rà àtijọ́

Àwòrán gbọọrọ máa ń fi ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ibi tí kámẹ́rà lè rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ hàn. Ayàwòrán tó ń lo kámẹ́rà ńlá àtijọ́ lè yà á ní abala-abala, kí ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Àpẹẹrẹ: Ayàwòrán dúró ní Emùré-Ilé, ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Fíìmù rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25. Lẹ́ǹsì 300 mm rẹ̀ ń rí nǹkan bí 45°. Ó ya àkọ́kọ́, ó yí kámẹ́rà ní 40°, ó ya èkejì, ó tún yí i ní 40°, ó ya ẹ̀kẹta.

45 + 40 + 40 = 125°

Níbo ni 5° tí 45° fi ju 40° lọ wọlé sí? Ibẹ̀ ni abala kan ti gun orí èkejì. Láìsí i, àlàfo yóò hàn. Kí ẹsẹ̀ kámẹ́rà dúró dọ́gba, kí ìkùukùu má sì yí ìmọ́lẹ̀ padà láàárín abala kan sí èkejì. Nǹkan méjèèjì yìí ló le jù.

Kámẹ́rà Cirkut ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n forúkọ ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1904, kò nílò ìlẹ̀pọ̀: òun fúnra rẹ̀ ń yí, fíìmù sì ń sáré nínú rẹ̀.