Kí Ló Wà Nínú Ikùn Ọmọlángidi Rẹ?

Àbúrò mi, ọmọlángidi tí àwọn ìyá àgbà wa pọ̀n ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò ní ikùn. Igi kan ṣoṣo ni, láti orí dé ìdí. Ìlú agbẹ́gilére kúkú ni ìlú wa; níbí ni Maku àti Toibo ọmọ rẹ̀ ti gbẹ́ ère tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Ọmọ lè gé ọmọlángidi onígi jẹ, ó lè jù ú mọ́lẹ̀, òjò lè pa á, kò sí nǹkan tó máa dà jáde nínú rẹ̀. Bèbí tí ìwọ ń rán báyìí, olórí rọ́bà, aláṣọ lára, tó jọ ọmọ tí wọ́n bí lánàá, ikùn ló ní. Ìwọ tí o fún un ní ikùn ni wàá dáhùn fún ohun tó wà níbẹ̀.

O ní o fẹ́ kó wúwo bí ọmọ gidi, kí orí rẹ̀ máa yẹ̀ sẹ́yìn bí a kò bá fọwọ́ ti ọrùn. Mo mọ ìdí tó fi ń wù ọ́. Apá obìnrin máa ń mọ ìwúwo ọmọ kí ojú rẹ̀ tó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ lòun gbé dání. Àmọ́ ibi ìwúwo yìí gan-an ni ewu wà, mi ò sì fẹ́ kí o kọ́ ọ bí èmi ṣe kọ́ ọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rán, ẹ̀wà ni mo kó sí i nídìí. Ó wúwo, ó rọ̀ lọ́wọ́, inú mi dùn. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, kòkòrò ti jẹ ẹ̀wà náà di ìyẹ̀fun, eku sì ti fi eyín la aṣọ rẹ̀. Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni ọmọ ọdún méjì kan nínú ilé tó jókòó tì í, tó ń ṣa ẹ̀wà tó ń jábọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wà tí ọmọ bá kì bọ imú máa ń mu omi ibẹ̀, á wú, kò ní ṣeé fà yọ nílé mọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ló kù. Látìgbà náà, ẹ̀wà, ìrẹsì, àgbàdo, kò sí èyí tó ń wọ inú ọmọlángidi mi, bí wọ́n tilẹ̀ yan án. Iyanrìn náà, mo ti fi sílẹ̀: ojú rírán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn ló ń gbà jò, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹnìkan máa sọ fún ọ pé kí o lọ ra òjé, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, tàbí èyí tí wọ́n yọ nínú bátìrì ọkọ̀. Wọ́n á ní díẹ̀ ti tó, torí ó wúwo ju irin lọ. Jọ̀wọ́, má gbà. Májèlé ni òjé. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, ìyá kì í sì í tètè fura. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tó ń wa wúrà ń lọ òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín agboolé, eruku rẹ̀ sì bà sí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ọmọdé tó kú lé ní 400. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Bí ẹni tó ń ta nǹkan bá fún ọ ní irin kékeré tó rọ̀, tí èékánná lè ha, tó ń fa ilà eérú sórí bébà bíi pẹ́ńsù, dá a padà fún un.

Kí wá ni kí o fi sí i? Wo ẹni tó máa gbé e ná.

Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, má fi ohun ìwúwo kankan sí i. Fáíbà nìkan ti tó, èyí tí àwọn onítìmùtìmù ń lò. Wàá rí i rà ní Òṣogbo. Ó ṣeé fọ̀, ó ń tètè gbẹ, kì í bu. Òwú lásán máa ń mu omi, á hu èéhù. Òwú àràbà ní tiẹ̀ kì í fẹ́ mu omi, ó sì fúyẹ́, àmọ́ iná máa ń tètè ràn mọ́ ọn. Má fi í sí èyí tí wọ́n máa gbé wọ ilé ìdáná. Àjákù fóòmù máa ń di lúúlúú tó bá pẹ́. Ìrọ̀rí àlòkù tí a tú, ìdun àti eruku ẹlòmíì lo kó wọlé yẹn.

Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún, èmi kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ju ìdajì kílò lọ. Ó ti tó láti pọ̀n.

Ti àgbàlagbà ló yàtọ̀. Ọmọ tuntun tó péye sábà máa ń wọn bíi kílò 2.5 sí 4, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń rà á fún ìfẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ń fẹ́ kó dé. Ilé iṣẹ́ Laerdal ti ilẹ̀ Nọ́wè ṣe ọmọlángidi kan, NeoNatalie, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí. Omi lítà méjì ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ láti fún un ní ìwúwo. Ọgbọ́n yẹn wù mí gidigidi: bó bá jò, omi náà ni. Ní òkè òkun, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì dáa bó bá jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe róbótó. Má gún ìgò o. Má sì gbàgbé pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fún àwọn ìyá arúgbó tí ìgbàgbé ń bá jà ní irú bèbí báyìí láti gbé mọ́ra. Àwọn náà lè ki nǹkan bọ ẹnu bí ọmọdé.

Ọta odò dídán ni èmi fẹ́ràn jù, èyí tó tó ẹyin adìẹ, ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta ní ìdí, tí a fi fáíbà wé nípọn. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé e mì. Fọ̀ ọ́, sè é, sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Má kàn lọ ṣa á nínú odò Erinlẹ̀ ní Ìlobù láìbi àgbà: irú ọta odò yẹn ni àwọn olórìṣà Erinlẹ̀ ń kó sínú àwo ọta wọn, ohun ọ̀wọ̀ ni.

Ohun yòówù kó jẹ́, àpò tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wà kó tó wọ inú ara. Aṣọ tó hun pọ̀, bí àgékù gíní, ni kí o fi rán an. Nà án sí oòrùn, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ ní ihò-ihò, kò dáa. Rán an lẹ́ẹ̀mejì, kí abẹ́rẹ́ máa tẹ̀lé ara wọn tímọ́tímọ́, má fi síìpù sí i. Lẹ́yìn náà, di ẹnu rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì kí o fà á pẹ̀lú agbára. Bó bá máa ya, ọwọ́ rẹ ni kó ti ya.

Mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi sí ẹnu bèbí kó lè mu páṣífáyà, yọ ọ́ kúrò. Bí ọmọdé bá gbé méjì mì, wọ́n á wá ara wọn rí nínú ìfun, wọ́n á sì dá ihò sí i. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì, èyí tó ń jẹ́ kó ké, lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì. Bèbí tí kò ké náà ṣeé tà.

Kó o tó ta á, rán aṣọ pélébé kan mọ́ ọn lẹ́yìn, kí o kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ àti iye ọdún ọmọ tó lè gbé e, kí ìyá tó rà á mọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, má tíì dí ikùn rẹ̀. Gbé e wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ fa ojú rírán rẹ̀ wò.