Kí Ni "P" Ń Ṣe Nínú Ọkọ̀?

Bí a bá fi jíà ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì sí "P", irin kékeré kan ni ó ń há sáàárín eyín jíà, tí táyà kò fi ní yí. Ohun méjì ni ó ń mú kí irin náà jẹ: fífi jíà sí "P" kí ọkọ̀ tó dúró, àti jíjẹ́ kí ó nìkan ru ìwúwo ọkọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bí ó bá jẹ tán, ọkọ̀ lè yí lọ kọlu ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ tẹ búrẹ́kì, ẹ fi jíà sí "N", ẹ fa búrẹ́kì ọwọ́, ẹ rọra dẹ ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ fara tì í, kí ẹ tó tún tẹ búrẹ́kì, kí ẹ sì fi sí "P". Bí ẹ bá gbọ́ "gbà!" nígbà tí ẹ ń yọ ọ́, irin yẹn ló ń ru ẹrù.