Ṣé Wíwà ni Kẹ̀kẹ́ àbí Gígùn?

Ọkùnrin kan ní Agége, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí dókítà sì ti kìlọ̀ fún pé kó wá eré ìdárayá ṣe, sọ fún ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ ra kẹ̀kẹ́. Ìyàwó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dádì Fẹ́mi, ta ni yóò máa wà á fún yín? Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn ọmọ àdúgbò yìí kì í mú owó délé pé." Ọkọ dáhùn pé, "Màmá Fẹ́mi, èmi fúnra mi ni màá máa gùn ún." Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó wo ikùn ọkọ rẹ̀, tó bú sẹ́rìn-ín.

Màrúwá ni ìyàwó kọ́kọ́ gbọ́, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Láti ìgbà tí Buba Marwa, tó ṣe gómìnà ológun Èkó láti 1996 sí 1999, ti kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè wọ̀lú, tí ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NAPEP sì tún gbé tirẹ̀ dé lẹ́yìn 2001, ni orúkọ náà "kẹ̀kẹ́" ti bọ́ lọ́wọ́ onílé, tó ti di ti àlejò. Onílé ìgbàanì wá ní láti fi orúkọ kún orúkọ kí wọ́n tó dá a mọ̀: kẹ̀kẹ́ ológeere, tàbí báísíkù lẹ́nu àwọn ará Èkó. Alùpùpù náà ti rí irú rẹ̀. Ọ̀kadà, tí í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, ló gba ìgboro mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ láàárín tọkọtaya yẹn. Wà ni ti ọkọ̀. Láti orí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí a ń fi àjẹ̀ wà lójú omi ló ti bọ́ sórí mọ́tò, sórí tírélà, àti sórí Màrúwá: awakọ̀ jókòó sínú nǹkan, ó ń darí rẹ̀. Gùn ni ti ohun tí a gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ tí a sì gbé gbogbo ara lé, bí ẹṣin, bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, bí kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń sọ pé "wa kẹ̀kẹ́" fún ológeere pàápàá, n kò sì ní tìtorí ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ìdí rẹ̀ lé ìjókòó kẹ̀kẹ́ tóóró yẹn fún ogún ìṣẹ́jú yóò jẹ́rìí pé òun kò sí nínú ohunkóhun, orí nǹkan ni òun wà.

Gùn yìí kan náà ni òrìṣà ń ṣe sí ẹlẹ́gùn. Bí Ṣàngó bá gun ẹlẹ́gùn rẹ̀, Ṣàngó ló wà lókè, ẹlẹ́gùn ló di ẹṣin. Àwọn ẹlẹ́sìn Lùkùmí ní Cuba ṣì ń fi ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì tó túmọ̀ sí ẹṣin pe ẹni tí òrìṣà bá gùn títí dòní. Nínú gùn, ẹnì kan ló ń pàṣẹ, ẹnì kan ló ń gbé ẹrù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn ń kọ́ kẹ̀kẹ́, ẹni tó sanwó rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń pàṣẹ.

Ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Gùn, olóhùn ìsàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn á di ohùn àárín: mo gun kẹ̀kẹ́. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀ lé e, á dúró bó ṣe wà: mo gùn ún. Òfin yìí náà ló sọ wà di wa nínú "wa ọkọ̀", tó sì sọ tì di ti nínú "ti kẹ̀kẹ́". Àwọn tó ń kọ "gún kẹ̀kẹ́" kí wọ́n ṣọ́ra, nítorí odó àti ọmọ odó ni gún ń wá. Kí wọ́n má sì gbé ohùn àkọ́kọ́ kẹ̀kẹ́ sókè, nítorí kẹ́kẹ́ ni ilà tí olóolà ń bù síni lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ojú balẹ̀ lórí ọ̀dà lè gba ìkejì lọ́wọ́ ìkíní.

Ẹni tó bá ti kọ́ ọ yanjú ń sọ pé "mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn". Létí tèmi, gbólóhùn yìí ju "mo mọ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́" lọ. Ẹni tó ka ìwé nípa rẹ̀ lórí àga lè mọ bí a ṣe ń gùn ún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn ni kò ní ṣubú. Ẹ má sì kọ pé "mo ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn" àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí òǹkàwé bi yín pé báwo ló ṣe gùn tó. "Gígun kẹ̀kẹ́" kò ní iyèméjì nínú.

Àgbàlagbà tó ń kọ́ ọ kì í ṣe ohun tuntun. Frances Willard, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbógun ti ọtí líle ní Amẹ́ríkà, ti pé ọmọ ọdún 53, àìlera sì ti ń bá a fínra, kó tó kọ́ kẹ̀kẹ́. Ó sọ kẹ̀kẹ́ náà lórúkọ, Gladys, ó sì kọ ìwé kan lé e lórí ní 1895. Inú ìran Ìsíkíẹ́lì ni àkọlé ìwé náà, A Wheel Within a Wheel, ti jáde. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni àwọn atúmọ̀ fi pe ohun tí wòlíì yẹn rí, òun náà ni wọ́n sì fi pe ohun oníná tó fara hàn nígbà tí Èlíjà ń gòkè re ọ̀run. Tolstoy, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, ti pé 67 kí òun tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ ń gbà kọ́ àgbàlagbà wà nínú orúkọ ológeere gan-an. Wọ́n á tú pẹ́dà méjèèjì kúrò, wọ́n á rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ á fi balẹ̀ dáadáa, akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa fi ẹsẹ̀ tari ilẹ̀ lórí pápá tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Nígbà tó bá yá, kẹ̀kẹ́ á máa lọ geere, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì wà lókè láìbẹ̀rù. Geere yẹn ni ẹ̀kọ́ náà. Pẹ́dà títẹ̀ kò le rárá, ọ̀la ni wọ́n ń dá a padà. Kẹ̀kẹ́ tí Karl Drais, ará Jámánì, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1817 kò kúkú ní pẹ́dà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tari ilẹ̀ lórí rẹ̀. Iwájú ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa wò, kì í ṣe táyà, nítorí ibi tí ojú bá lọ ni ọwọ́ ń darí kẹ̀kẹ́ sí.

Òkè náà, gígùn ni à ń gùn ún. Ní Ìbàdàn, ẹni tó gbéra ní Bẹẹrẹ tó dé iwájú gbọ̀ngàn Màpó lórí kẹ̀kẹ́ ti gun nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí òkè bá ju agbára yín lọ, ẹ fi sí jíà tó fúyẹ́ jù; bí ìyẹn ò bá ràn án, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́, kí ojú má sì tì yín.

Èémí ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí ara tí kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Èdè wa kò fi mímí sí ọ̀nà kan. Ẹni tó mí hẹlẹ la ẹnu sílẹ̀, omi ń gbẹ ẹ́. Ẹni tó ń mí gúlegúle, gbogbo igbá àyà rẹ̀ ló ń sọ̀ tó ń gòkè. Méjèèjì kò ju pé kéèyàn rọra lọ. Èyí tí àyà ń ṣe fùkẹ̀fùkẹ̀ nígbà tí èèyàn ti jókòó sinmi ni kí a lọ rí dókítà lé lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, bó bá jẹ́ irú èyí tí kò le jù. Àwọn akọ̀ròyìn a máa kọ ọ́ ní "eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì", ọ̀rọ̀ tó gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí kò sì gbé èèyàn débì kankan. Kí ló dé tí a kò lè sọ pé: ẹ gùn ún débi tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin?

Ìrora ni mo fẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń fi èdè ṣòfò jù lọ. "Ó ń dùn mí" ni ọ̀pọ̀ wa fi rọ́pò gbogbo rẹ̀. Dùn fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan: orúnkún ń dùn mí, afẹ́fẹ́ àárọ̀ dùn mọ́ mi, kẹ̀kẹ́ yìí dùn ún gùn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín wákàtí kan, kó má sì parọ́.

Ro ni ti iṣan tó ṣiṣẹ́ tí kò ṣe rí. Itan ń ro mí, ẹ̀yìn ń ro mí. Irú rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló ń le jù, lẹ́yìn náà á lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ara ń ro mí" kò ní láti bẹ̀rù. Ta ni ti awọ ara: ibi tí ṣòkòtò ti ha itan títí tó fi bó, tí òógùn bá dé ibẹ̀, á máa ta yín. Pajápajá ni ti iṣan ẹsẹ̀ tó dédé ká kò, tí kò jẹ́ kí èèyàn lè na ẹsẹ̀. Gún ni ti ohun tó dà bíi pé ó ń wọ inú lọ. Ẹ̀gbẹ́ ń gún mi ni ẹni tó jẹ ẹ̀bà tán tó fò sórí kẹ̀kẹ́ sábà máa ń sọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àyà ló ń gún yín, tàbí tí ó ń fún yín láyà, tó sì ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tán kí ẹ ní ara ń ro yín, nítorí Panadol ni yóò fún yín.

Orúnkún ni dùn tọ́ sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi kún un bóyá ojú rẹ̀ ni tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù ló sábà máa ń mú kí ojú orúnkún dunni; èyí tó ga jù a máa fa ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, ìjókòó tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí. Bí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó yẹ kí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Ní ti ìṣubú, ọwọ́ tó rọ́ kì í ṣe ọwọ́ tó yẹ̀, èyí tó yẹ̀ kì í sì ṣe èyí tó kán. Àwọn tó ń kígbe lórí fóònù pé "ó ti kán" nígbà tó jẹ́ pé ó kàn rọ́ ni, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún ti ará ilé.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe náà ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Ṣéènì tó bọ́, ọwọ́ lásán la fi ń dá a padà. Ṣéènì tó já ń fẹ́ iṣẹ́. Táyà tó jò kì í ṣe èyí tó bẹ́. Bíréèkì, pẹ́dà, rímù, ẹ pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Ìjánu fún bíréèkì, ọ̀rọ̀ tó dára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní Mushin, yóò bi yín léèrè ibi tí ẹ so ẹṣin mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn yóò sọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ lára. Ẹni tí ìgbànú rẹ̀ ti wọ ihò mìíràn yóò dé òde àríyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì di apá rẹ̀ mú pé, "O mà ti rù o! Ṣé kò sí o?" Rù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn lédè wa. Àìsàn, ọ̀fọ̀ tàbí ìyà ló ń mú èèyàn rù, gbẹ sì tún burú jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "o sanra" ṣe jẹ́ ìkíni rere títí dòní lẹ́nu àwọn àgbà, tí ẹni tí dókítà lé wá sórí kẹ̀kẹ́ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Fúyẹ́ ni mo bá gbogbo yín rọ̀ pé kí ẹ máa lò: ara yín ti fúyẹ́. Kò sí ilé ìwòsàn nínú rẹ̀, kò sì sí èébú.

Ìkíni "ẹ kú" kò wọ́n wa. Ẹni tó ń gun òkè bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí òógùn bò, "ẹ kú aápọn" tọ́ sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀, ẹ kí i pé "ẹ ó gùn ún pẹ́". Ẹni tó ṣubú ni mo rí i pé a ti ń ṣì kí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú lédè Òyìnbó a máa sọ pé "Ẹ má bínú, sà," nígbà tí bàbá kan bá nà gbalaja sójú títì, bí ẹni pé àwọn ló tì í. Ẹlẹ́bi ló ń ní ká má bínú. Pẹ̀lẹ́ la ń kí ẹni tó ṣubú, "ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," kí ọmọ náà sì gbé bàbá dìde kó tó lọ gbé kẹ̀kẹ́.