Ẹ̀kọ́ Lórí Ọkọ̀: Iná ABS Tó Tàn Tí Kò Fẹ́ Kú

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba ìdajì àkókò wa. Kí ni kí a ṣe sí iná pupa rúsúrúsú tó máa ń tàn níwájú awakọ̀, èyí tí lẹ́tà mẹ́ta, ABS, wà lára rẹ̀? Ẹnì kan ní kí a yọ gílóòbù rẹ̀ dànù. Ẹlòmíràn ní kí a lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn. Ẹnì kẹta ní kí a dá owó jọ kí a fi ra ọpọlọ ọkọ̀ mìíràn. Mo ṣèlérí pé n óò kọ ìdáhùn sínú ìwé wa yìí. Èmi kì í ṣe mẹkáníkì. Olùkọ́ ni mí kí n tó di òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìgbáyé-gbádùn níbí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ìwé owó ọkọ̀ wa wà, mo sì ti fojú ara mi rí bí owó ṣe lè bá iná yìí lọ láìjẹ́ pé ó kú.

Iṣẹ́ tí ABS ń ṣe

Ẹ rántí bí ojú ọ̀nà alámọ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò. Awakọ̀ rí ewúrẹ́ lójijì, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Táyà gan, kò yí mọ́, síbẹ̀ ọkọ̀ kò dúró. Ńṣe ló ń yọ̀ lọ. Bí awakọ̀ yí sítíárì sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọkọ̀ kò gbọ́, nítorí táyà iwájú tó ti gan kò lè darí ọkọ̀.

ABS ni ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà gan bẹ́ẹ̀. Òrùka irin eléyín kan wà nídìí táyà, tó ń bá a yí. Níwájú òrùka náà ni sẹ́ńsọ̀ wà, èyí tó jẹ́ òòfà kékeré tí a fi wáyà tínrín wé lára. Bí eyín òrùka bá ṣe ń kọjá níwájú òòfà, iná mànàmáná díẹ̀ máa ń ti inú sẹ́ńsọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ ọkọ̀. Ọpọlọ náà ń fi èyí mọ bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré tó. Bí ó bá rí i pé ọ̀kan fẹ́ gan nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń yí, á dẹ bíréèkì táyà náà, á tún dì í mú, á tún dẹ ẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ bíréèkì fi máa ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni nígbà náà. Àwọn awakọ̀ wa kan ti bá a fẹ́jọ́ sùn pé ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ọdún 1978 ni ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì gbé irú ABS tó ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jáde lára ọkọ̀ Mercedes-Benz. Nígbà tí Ford fi tirẹ̀ sí ọkọ̀ akẹ́rù F-150 ní 1987, táyà ẹ̀yìn nìkan ló wà fún, nítorí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí kò rù nǹkan kan fúyẹ́, kíá ló ń gan. Nítorí náà, bí pikọ́ọ̀pù yín bá ti pẹ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá táyà méjì ni ABS rẹ̀ ń ṣọ́ tàbí mẹ́rin. Lára àwọn kan, sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló wà, lókè ìdí ásù ẹ̀yìn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé oògùn ni ABS. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ọkọ̀ tó ní ABS lè jìnnà díẹ̀ kí ó tó dúró ju èyí tí kò ní lọ. Èrè rẹ̀ ni pé awakọ̀ ṣì lè yà fún ohun tó wà níwájú.

Ohun tí iná náà ń sọ

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ipò iná kí ẹ́ńjìnnì tó dá, iná ABS gbọ́dọ̀ tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí ó sì kú. Ọpọlọ ọkọ̀ ló ń yẹ ara rẹ̀ wò. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù, tàbí ó ti jó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ṣọ́ èyí dáadáa kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Bí ó bá tàn tí kò kú, ọpọlọ ti rí àléébù, ó sì ti pa ABS tì. Bíréèkì gan-an ṣì wà bíi ti ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ lè wa ọkọ̀ délé, ṣùgbọ́n ẹ dín eré kù, ẹ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú, bí táyà bá sì gan lójú ọ̀nà tó ń yọ̀, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tún dẹ ẹ́, lemọ́lemọ́.

Bí iná pupa fòò ti bíréèkì bá tàn pẹ̀lú rẹ̀, tí kì í ṣe pé ẹ gbàgbé bíréèkì ọwọ́, ẹ dúró. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ óò rọra wà á délé. Ó lè jẹ́ pé omi bíréèkì ti lọ sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó ń pín agbára bíréèkì sáàrin iwájú àti ẹ̀yìn ti kọṣẹ́. Ẹ ṣí ike omi bíréèkì wò. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ àmì tó kéré jù, ibì kan ń jò, tàbí páàdì ti jẹ tán. DOT 3 tàbí DOT 4, èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike náà, ni kí ẹ bù sí i. Ọ́ọ̀lù ẹ́ńjìnnì a máa mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú. Mo mọ ẹni tó dán an wò, gbogbo rọ́bà rẹ̀ ló sì pààrọ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tiwa

Ìdílé mẹ́rìnlá ló da owó ra Toyota Tacoma ọdún 2002 tí a fi ń kó iṣu àti gbágùúdá lọ sọ́jà. Ní oṣù kejì òjò, iná ABS bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníkì kan ní ìgboro. Kò wọn nǹkan kan. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti kú. Mo san owó rẹ̀, a ra àlòkù, wọ́n dè é, iná kú. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún tàn. Nígbà yìí ni mẹkáníkì wá sọ pé ọpọlọ ló bàjẹ́. Owó tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú àpótí wa, bẹ́ẹ̀ owó ìdánwò àṣejáde àwọn ọmọ wa mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé mo ti mú bírò láti fọwọ́ sí i.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ló gbà wá. Ó wá sí ọ́fíìsì mi nípa ọ̀rọ̀ mìíràn, ó wá ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ti kíyè sí i pé iná yẹn kì í tàn nígbà tí a bá ń bọ̀ láti ọjà? Bí a bá ń lọ nìkan ni.” Mo ní, “Ẹ ṣeun mà, n kò mọ̀.” Mo pe awakọ̀, ó ronú díẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Bí ó bá já ẹrù tán tó pa ọkọ̀ tó tún dá a, iná a kú, a ò sì ní rí i mọ́ títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ọpọlọ tó bàjẹ́ kì í mọ ọjọ́ ọjà. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin riwáyà kan ní oríta ni a wá gbé e fún, mo sì dúró tì í láti àárọ̀ títí ó fi parí. Ohun tó ṣe nìyí.

Ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn kan fi ń ka àléébù ẹ́ńjìnnì kì í sábà ka ti ABS lára ọkọ̀ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n Toyota irú èyí lè fi iná rẹ̀ ka á fún yín. Lábẹ́ sítíárì ni ihò mẹ́rìndínlógún wà ní ìlà méjì. Ó pa kọ́kọ́rọ́, ó fi wáyà kékeré so ihò 4 pọ̀ mọ́ 13, ó wá tan kọ́kọ́rọ́ láìdá ẹ́ńjìnnì. Iná ABS ń ṣẹ́jú: ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta. 33 nìyẹn. Lára Toyota wọ̀nyí, 31 ni iwájú ọ̀tún, 32 iwájú òsì, 33 ẹ̀yìn ọ̀tún, 34 ẹ̀yìn òsì. 41 ń sọ pé iná bátìrì kò tó. Bí kò bá sí àléébù, ńṣe ni iná náà yóò máa ṣẹ́jú geerege, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí kò bá dá ihò wọ̀nyí mọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n o, nítorí iná bátìrì wà ní ihò 16 tààrà. Àwọn Toyota tó ṣáájú ní àpótí tiwọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti ń so Tc pọ̀ mọ́ E1.

Mo ní, “Ṣé ẹ rí i, sẹ́ńsọ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn náà ni mẹkáníkì sọ.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, nọ́ńbà yìí kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Ohun tó sọ ni pé ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ kò dé.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ òní. Bí lẹ́tà kò bá dé, ó lè jẹ́ pé akọ̀wé kò kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ni ó ti sọnù.

Ó yọ ojú wáyà sẹ́ńsọ̀, ó fi mítà wọn ọ̀tún, ó wọn òsì. Sẹ́ńsọ̀ olóòfà bíi tiwa sábà máa ń wà láàrin 800 sí 2,500 ohm. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí apá méjèèjì sún mọ́ra. Tiwa sún mọ́ra. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó dè é dáadáa, ó ní kí n fọwọ́ yí táyà. Mítà mì, iná díẹ̀ jáde, kò tó volt kan. Sẹ́ńsọ̀ wà láàyè. Àlòkù tí a rà, òfo ni. Èyí tí a yọ dànù kò ṣe nǹkan kan. (Kí ẹ tó wọn bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè irú sẹ́ńsọ̀ tó wà lára ọkọ̀ yín. Àwọn tó dé lẹ́yìn ń gba iná láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ ọkọ̀, a kì í fi ohm wọ̀n wọ́n.)

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà lọ láti ìdí táyà síwájú. Ó ní kí a di àpò gbágùúdá mẹ́wàá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a sì fi okùn dè wọ́n gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin fa okùn le, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó pè mí. Ìkọ́ tí wọ́n ń so okùn mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáásì ni okùn náà ti ń kọjá lórí wáyà ABS. Ó ti há a mọ́ irin, ó ti bó ara rẹ̀, bàbà inú rẹ̀ sì ń kan ṣáásì nígbà tí okùn bá le. Bí a bá tú okùn, wáyà a padà sípò, ara ọkọ̀ a yá.

Ó gé ibi tó bó, ó fi òjé jó o pọ̀, ó fi rọ́bà bò ó. Ó rí i dájú pé wáyà méjèèjì ṣì lọ́ mọ́ra wọn bí wọ́n ti wà, nítorí lílọ́ náà ni kì í jẹ́ kí iná wáyà mìíràn da ìròyìn wọn rú. Ó gbé wáyà náà lọ sókè, a sì ní kí wẹ́dà gbé ìkọ́ okùn lọ síbòmíràn. Ó tún so ihò 4 àti 13 pọ̀, ó tan kọ́kọ́rọ́, ó tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ kíákíá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta láti pa àkọsílẹ̀ àléébù rẹ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó iye àpò gàrí méjì.

Tí kì í bá ṣe okùn ńkọ́?

Ní oko bíi tiwa, eku ni n óò kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà ẹ̀pà. Wáyà iwájú máa ń ṣẹ́ níbi tó ti ń tẹ̀ nígbà tí sítíárì bá yí. Riwáyà á fọwọ́ mì í díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mítà wà lára rẹ̀. Bẹ́ríǹ tó ti tú máa ń mú kí òrùka eléyín jìnnà sí sẹ́ńsọ̀, bẹ́ẹ̀ ààyè àárín wọn kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ. Ẹ gbé táyà sókè, ẹ dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bí ó bá ń jó, bẹ́ríǹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Òòfà sẹ́ńsọ̀ tún máa ń kó ìjẹkújẹ irin jọ. Ẹ fi aṣọ nù ún.

Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi táyà tó kéré sí apá kan, yóò máa yára yí ju èkejì lọ, ọpọlọ sì lè rò pé èkejì ń gan. Bátìrì tó rẹ̀ náà lè tan iná yìí: pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, mítà yẹ kí ó ka nǹkan bí 13.8 sí 14.5 volt. Fíùsì kò ju wíwò lásán lọ. Nígbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá mọ́ ni kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọpọlọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì ní kí ó fi mítà hàn yín.

Ìwé kékeré kan wà nínú dúróà ọkọ̀ wa báyìí, bírò so mọ́ ọn. Bí iná kan bá tàn, awakọ̀ á kọ ọjọ́ sí i, ohun tó rù, bóyá òjò rọ̀, bóyá ọkọ̀ ń lọ tàbí ó dúró. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò mọ̀ọ́kọ, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ tirẹ̀ fún awakọ̀ kí ó bá a kọ ọ́. Ohun tó kẹ́yìn níbẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ ló fi kọ ọ́: “Àpò méjìdínlógún, òjò, ọ̀nà ń yọ̀. Iná ABS tàn, ó kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Kò tàn mọ́ títí a fi dé ọjà.”